Ìjàpá Kékeré Bàbá

Ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ kékeré náà kò ní ìkejì. Nígbà tí Bàbá ta Volkswagen rẹ̀, ìjàpá tó fi gbé gbogbo wa lọ sí ilé ìwé, ọ̀dà aláwọ̀ ewé díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú agolo. Mo fi kun àwòṣe ìjàpá kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Agolo gbẹ. Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ tán lára rẹ̀, ó ku ọjọ́ kan kí Bàbá dé láti Ìṣẹ́yìn wá kí wa ní Ire-Akari, mo sì fẹ́ kó bá a ní dídán.

Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń dán an ní fóòmù ródóródó lẹ́nu, tó ń yí bíríbírí. Bó bá pẹ́ lójú kan, ibẹ̀ á gbóná, ooru á sì jẹ ọ̀dà. Mo mọ èyí dáadáa, síbẹ̀ mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àmì funfun kan yọ, bí orí abẹ́rẹ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo jókòó.

Salimat, ìyàwó mi, máa ń ṣe èékánná fún àwọn obìnrin ní Àgọ́ Palace. Irú ẹ̀rọ yìí náà ló ń lò. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Bàbá Alameen, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Tó bá jẹ́ ìka oníbàárà ni, ó ti gbá yín létí."

"Má fọwọ́ kàn án." N kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan àwọn ọkọ̀ àwòṣe mi.

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án." Ó fa àga. "Eré wo lẹ fi sí?"

"Èyí tó pọ̀ jù."

"Ẹ hẹn."

Mo ronú díẹ̀, mo sì gbé ẹ̀rọ náà fún un.

Ó dín eré rẹ̀ kù. Ó lẹ téèpù mọ́ gbogbo etí, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Ó fi pólíìṣì díẹ̀ sí fóòmù, ó fi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló mú ìka mi, ó gbé e lé òrùlé ọkọ̀ náà.

"Ó gbóná?"

"Ó lọ́ wọ́rọ́."

"Ẹ jẹ́ ká dúró."

A dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tá a ṣí téèpù, mo lè ka irin ojú fèrèsé ilé wa lára òrùlé rẹ̀ bíi nínú dígí.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé ìjàpá náà sínú ìmọ́lẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra á lórí.

"Mùktárù, ìwọ lo dán an?"

"Èmi ni mo jó o níbí yìí, Bàbá. Ìyá Alameen ló dán an."

Bàbá wo Salimat, ó rẹ́rìn-ín.

"O ò bá ti tètè gbé e fún un."