Ìtọ̀ Tí Kò Jáde Lọ́jọ́ Ìpàgùntàn

Lóṣù kẹwàá ní àwọn erékùṣù Faroe, tí wọ́n bá ti da àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ta ni ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ro? Ìdí nìyẹn tí Sunnva kò fi ka ọ̀rọ̀ náà sí nígbà tí Hanus ọkọ rẹ̀ gbé àgbò kan kọjá ògiri òkúta, tó sì figbe ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sunnva fi òróró pa á lẹ́yìn, wọ́n sì sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Hanus pẹ́ ní ilé ìtọ̀ títí kọfí rẹ̀ fi tutù.

"Kò jáde," ó ní.

"Kí ni kò jáde?"

"Ìtọ̀. Mo dúró títí, kò tiẹ̀ gbọ̀n mí."

Sunnva rẹ́rìn-ín. "Bàbá Rannvá, ọjọ́ orí ló ń dé yẹn. Ṣebí bó ṣe ṣe bàbá yín náà nìyẹn. Tá a bá pa àgùntàn tán, ẹ lọ rí dókítà."

Hanus mi orí pé òun gbọ́. Ojú tiẹ̀ ti ń tì í. Birita ọmọ aládùúgbò wọn ni dókítà abúlé, ìṣojú Hanus ni wọ́n ṣe bí i. Ta ni yóò lọ máa ròyìn ìdí ara rẹ̀ fún irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpàgùntàn a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀.

Lẹ́yìn ahéré, Dánjal àbúrò Sunnva ń fi iná gáàsì jó irun orí àgùntàn lórí òkúta pẹrẹsẹ kan. Bí Hanus ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ ni Dánjal bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Oṣù wo la máa sọmọ lórúkọ?"

"Orí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ní ọpọlọ jù ẹ́ lọ," Hanus fèsì, ó sì jókòó sórí òkúta náà.

Òórùn irun tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó bìkítà. Dánjal pa iná, síbẹ̀ òórùn náà kò lọ. Sunnva tó ń fọ ìfun gbójú sókè, ó rí èéfín lábẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Rannvá, ẹ dìde."

"Kí ló dé?"

Ṣòkòtò ti jó lórí òkúta gbígbóná náà, awọ ìdí rẹ̀ sì ti lé ròrò. Dánjal fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ṣé kò dùn yín ni?" Dánjal bi í.

"Kí ló máa dùn mí?"

Sunnva fa fóònù yọ, ó pe Birita, ó ń ròyìn ẹ̀yìn tó ń ro ọkọ rẹ̀ àti iná tí kò dùn ún. Birita kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ìyá Rannvá, ṣé wọ́n ti tọ̀ látàárọ̀?"

"Rárá. Mo ní ọjọ́ orí ni."

"Tí wọ́n bá nu ìdí, ṣé wọ́n ń mọ̀ ọ́n lára?"

Sunnva bi í. Hanus tẹrí ba. "Látàárọ̀ ni mi ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ òsì náà ti ń kú."

"Kì í ṣọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìyẹn," Birita ní. "Nǹkan ló fún àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn wọn pa. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n, ìtọ̀ ò jáde, ìdí kú tipiri: irú ẹ̀ kì í dúró dọ̀la. Mo ń pe hẹlikọ́pútà."

Ṣùgbọ́n kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀ bo erékùṣù tí wọ́n ń gbé. Hẹlikọ́pútà tí ì bá tètè balẹ̀ láàárọ̀ kò lè wá mọ́. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n tẹ́ Hanus sí, ó ń wo òrùlé, ìgbì ń gbé e sókè sódò, Sunnva dì í lọ́wọ́ mú. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Tórshavn, olú ìlú wọn.

Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ìtọ̀ kò padà.

"Ká ní ẹ ti gbé wọn wá láàárọ̀ ni," oníṣẹ́ abẹ náà ní, kò parí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni Hanus fi ń fa ìtọ̀ jáde, kì í sì í bá àwọn ọkùnrin jókòó lẹ́yìn ahéré mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀.

"Ṣé o ṣì ń bínú pé mi ò sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ?"

"Èyí tẹ́ ẹ sọ ńkọ́," Sunnva ní, "ṣé mo gbọ́ ọ?"

Hanus mú rọ́bà rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.