Okùn Dúdú Méjì

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Dókítà Akóredé ti yọ kókó kúrò ní ọmú òsì Sewanu, ojú egbò sì ti ń jinná. Àfi bí ìwé àyẹ̀wò ṣe dé, tí dókítà ní òun gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe.

"Ṣé ẹ ò yọ ọ́ tán ni?" Sewanu béèrè.

"Mo yọ ọ́, mà. Bí iṣu bá rà lápá kan, ẹ kì í gé e síbi tí rírà náà parí sí gan-an. Ẹ ó gé díẹ̀ mọ́ ọn lára èyí tó dára. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n rí jẹjẹrẹ létí ohun tí mo gé. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ ṣẹ́kù sínú."

"Etí wo?"

Dókítà mí kanlẹ̀. "A ò mọ̀. Mo so okùn dúdú méjì mọ́ ọn, èyí tó kúrú lápá òkè, èyí tó gùn lápá abíyá. Ilé àyẹ̀wò ní àwọn ò rí okùn. Ká ní a mọ apá náà ni, ibẹ̀ nìkan ni ǹ bá tún gé. Ní báyìí, mo ní láti gé e yípo. Bí jẹjẹrẹ bá tún wà létí ìyẹn, gbogbo ọmú ni yóò lọ."

Sewanu yíjú sí Dosi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó gbé ìgò tí wọ́n kó ẹran tí wọ́n gé náà sí lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìjànikin. Dosi ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí i?"

"Mórogbó ni mo dé lójú ọ̀nà tí mo ṣí i. Òórùn omi oògùn inú rẹ̀ ta mí lójú, omijé ń dà. Mo wá rí okùn dúdú tí wọ́n ta ní kókó mọ́ ẹran ara rẹ. Ta ló ń so irú ẹ̀ mọ́ èèyàn fún ire? Mo ní wọ́n ti dè ọ́. Mo ka Sáàmù, mo fi abẹ gé e dànù."

"Ẹ sì tú mi sílẹ̀," ni Sewanu wí. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á.

"Ẹ̀bi mi ni," ni dókítà wí. "N ò sọ ohun tí okùn wà fún."

Sewanu rántí ìyá wọn, tó fi aṣọ bo kókó inú ọmú tirẹ̀ títí tó fi kú, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó. Òun fẹ́ mọ̀ ní tòun. Ó ní kí dókítà ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, kí Dosi náà sì tún gbé ìgò lọ.

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ti mọ̀nà."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, dókítà ka èsì fún wọn. Díẹ̀ ti ṣẹ́kù lóòótọ́, lápá abíyá, ṣùgbọ́n ó ti bá èyí tí wọ́n gé jáde. Etí òde mọ́ yípo, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Dosi bú sẹ́kún. Sewanu na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí."