Omi Bátìrì

“Ẹ gbé e kúrò! Ẹ bá mi gbé e kúrò ládùúgbò yìí kí ilẹ̀ òní tó ṣú!”

Hàbíbátù, Ìyá Zikrullah, ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó na ọwọ́ sí òkìtì irin dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níwájú ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ti Tíṣà Adéọlá. Títí di àárọ̀ àná, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni òkìtì náà, irú èyí tí kì í mu epo, tó jẹ́ pé bátìrì ló fi ń rìn. Òun ni Tíṣà fi ń kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ní báyìí, ẹni tó bá rí i kò lè mọ̀ pé èèyàn jókòó nínú rẹ̀ rí.

Nùrẹ́nì, ọkọ Hàbíbátù, jókòó sẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn onílé tí wọ́n wá sípàdé. Kò gbójú sókè. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá la ẹnu, ńṣe ló túbọ̀ ń sọrí kodò.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní Ìjẹ̀gùn yìí lọ́dún 2008, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti gbàgbé,” ni Hàbíbátù ń wí. “Ọjọ́ tí kátàpílà gún páìpù epo. Àbúrò mi Ganiyat ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta, kò wọlé mọ́. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo rí sin. Bàtà! Ọdún kọkànlá rèé, mi ò tíì lè dúró ti ààrò tí iná rẹ̀ bá pọ̀. Ṣé kí wọ́n tún wá so iná mọ́lẹ̀ níwájú ilé mi, kí wọ́n máa pè é ní kẹ̀kẹ́? Kí wọ́n tún kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ẹ̀!”

Ó jókòó, ó fi gèlè bojú, ó ń sunkún. Àwọn tó mọ Ganiyat ń mi orí.

Julius, tó ń wa kẹ̀kẹ́ elépo lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún, ló gba ọ̀rọ̀ náà. “Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ṣá. Nǹkan tí kì í dún, tí kì í rú èéfín, tó kàn ń yọ́ lọ bí ológbò, irú ẹ̀ ò dáa. Lókè òkun náà, bó ṣe ń gbiná nìyẹn. Fídíò ẹ̀ wà lórí WhatsApp mi, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó.”

Agnes, obìnrin tó ń bá Tíṣà tọ́jú àwọn ọmọ, kò lè mú un mọ́ra. “Bọ̀dá Julius, kẹ́ẹ̀gì epo mélòó ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín?”

“Ìyẹn ńkọ́? Epo la mọ̀ jàre. A ti mọ ìṣe ẹ̀.”

“Epo tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà ló pa àbúrò Ìyá Zikrullah.”

Ariwo sọ. Òótọ́ lọ̀rọ̀ Agnes, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ òótọ́ lójú òkìtì irin jíjóná? Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé Alága àwọn onílé gan-an, kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta ló wà níbẹ̀ látìgbà tí epo ti wọ́n gbẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré bojúbojú. Kò tíì sẹ́ni tó pèpàdé lé e lórí.

Alàgbà Olúsànyà, tó jẹ́ Alága, gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Nùrẹ́nì tún sọrí kodò. Nínú gbogbo wọn pátá, òun nìkan ló mọ ohun tó jó kẹ̀kẹ́ náà.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Nùrẹ́nì ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tó ṣí ìsọ̀ bátìrì. Ìsọ̀ náà kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà. Bátìrì mọ́tò, ti tírélà, ti jẹnẹrétọ̀, kò sí èyí tí wọn kò gbé wá bá a rí. Kò ní ṣòkòtò kan tí áásìdì kò dá lu. Bí bátìrì bá ti ń kú, ohun àkọ́kọ́ tí Nùrẹ́nì máa ń ṣe ni pé yóò gbé e sétí, yóò mì í. Tí kò bá gbọ́ kí omi dún nínú rẹ̀, á jẹ́ pé ó ti gbẹ. Á ṣí ìdérí rẹ̀, á bu omi bátìrì sí i, á ṣáájì rẹ̀, bátìrì á sì jí. Báyìí ló ṣe jẹun, báyìí ló ṣe rán ọmọ níléèwé.

Lọ́jọ́bọ̀, Tíṣà ti kẹ̀kẹ́ náà wá bá a. Obìnrin Èkìtì ni Tíṣà, opó ni, ilé ẹ̀kọ́ náà sì ni ọkọ, òun ni ọmọ, láti ọdún kẹsàn-án tó ti dá a sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi fún ẹnu wáyà tí mo fi ń ṣáájì ẹ̀ le, ó ti ń mì,” ló wí. “Bátìrì fúnra ẹ̀ kì í pẹ́ bíi tàtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ fìyẹn sílẹ̀. Àbúrò mi tó rà á máa wò ó tó bá dé. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá o. Wọn kì í ṣí i, omi ò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyí.”

Ó fi ìka lé àwọn lẹ́tà pupa gàdàgbà tó wà lára àpótí bátìrì náà. Nùrẹ́nì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń kà á. Iléèwé kéwú ló lọ ní kékeré. Ó lè ka Kùránì dé ìdajì láìwo ìwé, àmọ́ lẹ́tà òyìnbó kò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Tíṣà.

“Mo ti gbọ́,” ló sọ.

Tíṣà padà sí kíláàsì. Nùrẹ́nì fún ẹnu wáyà náà le, iṣẹ́ parí. Ká ní ó ti lọ jókòó ni! Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Ó yọ àpótí bátìrì náà, ó gbé e sétí, ó mì í. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún mì í. Ó gbẹ táútáú.

“Áà, òǹgbẹ ló ń gbẹ ọ́,” ló sọ fún bátìrì náà, àánú sì ṣe é tọkàntọkàn.

Bátìrì wo ni wọn kì í ṣí láyé yìí? Ó wá ìdérí rẹ̀ títí, kò rí i, ló bá mú dírìlì, ó lu ihò kékeré kan sí igun rẹ̀. Ó rọra da omi bátìrì sí i, ó fi gọ́ọ̀mù dí ojú ihò náà, ó sì nù ún mọ́ tónítóní. Kò retí kí wọ́n san nǹkan kan lé e. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni bí Tíṣà yóò ṣe wá bá a lọ́jọ́ kejì, tí yóò ní, “Bàbá, kí lẹ ṣe sí i? Ó ń lọ geere!”

Lọ́jọ́ kejì, kí aago méje tó lù, Tíṣà so kẹ̀kẹ́ mọ́ná, ó sì ń gbálẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ti dé, wọ́n dúró ti kẹ̀kẹ́ náà, Agnes ń bá wọn to báàgì. Èéfín funfun kan kọ́kọ́ yọ. Agnes kò dúró bèèrè nǹkan kan. Ó fa àwọn ọmọ náà lápá, ó wọ́ wọn gba orí gọ́tà kọjá. Bí wọ́n ṣe kúrò, kẹ̀kẹ́ náà bú gbàmù. Wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n da omi sí i. Á rọlẹ̀, wọ́n á ní ó ti kú, á tún sọ. Ó tó wákàtí méjì kó tó jẹ́ kí wọ́n sinmi. Nùrẹ́nì wà lára àwọn tó pọnmi jù.

Nígbà tí gbogbo èèyàn fà sẹ́yìn, òun nìkan ló sún mọ́ ọn. Àpótí bátìrì náà ti wú, ó ti dúdú. Ní igun rẹ̀, ihò kan wà níbẹ̀, ó rí roboto, bí ẹnu dírìlì rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹsẹ̀ yí àpótí náà, ihò yẹn sì dojú bolẹ̀.

“Bàbá Zikrullah, ẹ fi í sílẹ̀, ó lè tún gbiná!” ni Hàbíbátù ké láti òkèèrè. Ó rò pé ọkọ òun ń wò ó bóyá ó ti tutù ni.

“Tíṣà,” ni Alága wí níbi ìpàdé báyìí, “ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí kẹ́yìn?”

Tíṣà dìde. “Bàbá Oníbátìrì ni, sà. Ẹnu wáyà nìkan ni wọ́n bá mi fún le. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan bátìrì, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Mo lè búra fún wọn. Bóyá omi ojú ọ̀nà wa yìí ló wọ inú ẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tójò bá rọ̀.”

Gbogbo ojú yí sí Nùrẹ́nì, kì í ṣe pẹ̀lú ìfura, bí kò ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ti là fún un gbọ̀ọ̀rọ̀: kó kàn mi orí ni, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, omi ojú ọ̀nà ni.

“Ẹ gbọ́, Tíṣà,” ni Alága ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “a ò bá yín jà. Àmọ́ ẹ̀rù ti ba àwọn èèyàn. Ẹ ti gbọ́ ohun tí Ìyá Zikrullah sọ. Ó dáa kẹ́ ẹ wá ibòmíràn kó iléèwé yín lọ kí oṣù yìí tó parí.”

“Iléèwé, Bàbá?” ni Tíṣà bèèrè. “Kẹ̀kẹ́ ló jóná. Kí ni iléèwé ṣe?”

“Òbí wo ló máa mú ọmọ wá síbẹ̀ mọ́?”

Tíṣà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá jókòó.

Nùrẹ́nì kò mọ ìgbà tí òun dìde. Ó gba àárín wọn kọjá lọ sídìí òkìtì náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí àpótí bátìrì náà padà.

“Alága, ẹ dúró ná. Ẹ wá wo ihò yìí. Èmi ni mo lu ú. Mo mì í, mi ò gbọ́ omi, mo ní ó ti gbẹ ni. Mo bu omi bátìrì sí i.”

“Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?”

“Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n tún fi ohun tí wọ́n kọ hàn mí. Mi ò mọ̀ ọ́n kà, ojú sì tì mí láti sọ. Lánàá, ẹsẹ̀ mi yìí náà ni mo fi yí i dojú bolẹ̀.”

Tíṣà rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà, ó sì nàró.

“Ọmọ mẹ́rin ló dúró tì í, Bàbá,” ló wí. “Mẹ́rin. Mo sọ fún yín.”

Kò pariwo. Ó wu Nùrẹ́nì kí Tíṣà pariwo, kó tilẹ̀ gbá a létí lójú gbogbo ayé, ju kó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú náà, bó ṣe dàgbà tó, àmọ́ Tíṣà ti yíjú padà, ó ti wọlé.

Alága wúkọ́, ó ní iléèwé kò lọ síbì kankan mọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti kẹ̀kẹ́ di ọjọ́ mìíràn. Julius ní bó ti wù kó rí, òun ò ní jókòó sórí irú ẹ̀ láéláé. Ọ̀pọ̀ ló sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Nílé, Hàbíbátù gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú sí i.

“Àbúrò mi tó ti kú ni mo gbé dìde láàárín wọn,” ló wí. “Ganiyat ni mo fi ń lé obìnrin yẹn lọ. Ẹ jókòó sẹ́yìn mi, ẹ ń gbọ́.”

“Jọ̀ọ́, Ìyá Zikrullah.”

“Ẹ ń gbọ́,” ló tún sọ, ó sì jáde. Nùrẹ́nì kò lè jẹun náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan láti Òkè-Odò gbé bátìrì funfun pẹlẹbẹ kan wá, ti ínfátà tó fi ń tan iná nílé rẹ̀ ni. Ó ní kì í gbé iná mọ́, kí Bàbá bá òun wò ó. Nùrẹ́nì gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e dé èjìká kó tó rántí ara rẹ̀, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó fi etí aṣọ nu eruku ara rẹ̀. Lẹ́tà wà níbẹ̀.

“Ẹ fún mi láàyè díẹ̀,” ló sọ fún oníbàárà.

Ó gbé bátìrì náà mọ́yà, ó sọdá títì, ó kọjá lára ibi tí ilẹ̀ ṣì dúdú. Àwọn ọmọ ń pariwo ABD nínú kíláàsì. Nígbà tí wọ́n rí bàbá arúgbó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bátìrì láyà, gbogbo wọn dákẹ́. Agnes yára bọ́ síwájú wọn.

“Tíṣà,” ni Nùrẹ́nì wí, “ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí.”

Tíṣà wò ó títí. Ó wo bátìrì náà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ìka lé lẹ́tà àkọ́kọ́ bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin.

“Wọ́n ní, wọn kì í ṣí i,” ló wí. “Ẹ wí i tẹ̀lé mi.”

“Wọn kì í ṣí i,” ni Nùrẹ́nì wí.