Ẹni Tí Bàbá Fọláyẹmí Sọ Pé Òun Jẹ́

Ọdún tí Fúnṣọ́ Àkànjí pé ọgọ́ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣí búlọ́ọ̀gì fún un, ó ní ènìyàn gidi kan kò sí mọ́ tí kò ní ojúlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi kọ ojú-ìwé àkọ́kọ́, èyí tí ó fi ń sọ ẹni tí òun jẹ́ àti àwọn iṣẹ́ tí òun ti ṣe. Á jókòó ti fèrèsé ilé wọn ní Rosettenville, nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n ń gbé, á de táì mọ́rùn, bí ẹni pé ojú-ìwé náà ń wo òun padà.

Fọláyẹmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò dí i lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, inú rẹ̀ máa ń dùn bí bàbá bá rí nǹkan mìíràn gbá mú yàtọ̀ sí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n.

Iṣẹ́ náà pọ̀ lóòótọ́. Ó ti ta ṣájà fóònù ní Doornfontein, ó ti wa ọkọ̀ fún ará Mozambique kan tí ń ta adìyẹ, ó sì ti ṣe sẹ̀kúrítì lẹ́nu géètì yunifásítì fún ọdún mẹ́sàn-án. Owó géètì yìí ni Fọláyẹmí fi di akáúńtáǹtì. Ṣùgbọ́n lórí búlọ́ọ̀gì, ṣájà di "òwò ẹ̀rọ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè." Adìyẹ di "ètò ìpèsè oúnjẹ fún ìlú ńlá." Géètì ńkọ́, níbi tí ó ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn nínú òtútù oṣù kẹfà, ìgbà tí òtútù máa ń mú jù nílùú yìí? Ìyẹn di "ọdún mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní yunifásítì." Òun kò kúkú pè é ní irọ́. Ṣebí òun ló ń júwe ọ̀nà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tó tún ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má fi owó òbí wọn mutí? Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìkọ́ni, kí ló wá ń jẹ́ ìkọ́ni?

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Fọláyẹmí ti sọ ìtàn kan náà níbòmíràn, láìfi nǹkan kan kún un. Ó sọ ọ́ fún Délé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ, Délé sì sọ ọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ ní Bruma. Bàbá Délé, Dókítà Ọlọ́runṣògo, fọ abọ́ nílé oúnjẹ fún ọdún méjì kí ó tó ráyè ṣe iṣẹ́ dókítà nílùú yìí. Ó ní òun fẹ́ bọ bàbá Fọláyẹmí lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ Sátidé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìyẹn.

Àwọn ará ilé Délé pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé Fúnṣọ́, nítorí iná kú, kò sì sí róbọ́ọ̀tì kan, iná tí ń darí ọkọ̀, tó ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn àdúrà, oníkálùkù dìde láti sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà kò fo abọ́ fífọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí ó kan Fúnṣọ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì ka ojú-ìwé búlọ́ọ̀gì náà láti òkè délẹ̀ láìwo ìwé. Bí ó ti dé ibi olùkọ́ yunifásítì, ìyá Délé wo ojú ọkọ rẹ̀.

Dókítà rọra fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Délé sọ fún wa pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu géètì yunifásítì yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí yín kú iṣẹ́ ibẹ̀."

Ara tu Fọláyẹmí. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ló kù kí bàbá òun sọ.

"Géètì kẹ̀?" Fúnṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ ìwòyí náà. Ẹ wo búlọ́ọ̀gì mi, sà, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"A ti kà á," ni ìyá Délé wí. Ó yíjú sí Fọláyẹmí. "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ tibi géètì. Èwo ni ká gbà?"

Aṣọ sẹ̀kúrítì bàbá Fọláyẹmí wà nínú àpótí ní yàrá kejì. Ó lè lọ gbé e wá. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ṣe ń pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́ lójú àna, nínú ilé bàbá náà fúnra rẹ̀? Ó kúnlẹ̀.

"Ohun tí bàbá mi bá sọ ni kí ẹ gbà, mà."

"Á jẹ́ pé ìwọ lo sọ bàbá rẹ di sẹ̀kúrítì nìyẹn," ni ìyá Délé wí.

Fúnṣọ́ ráyè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó bi Dókítà bóyá ó ṣì fẹ́ mu mọ́ọ̀tì sí i.

Àwọn àlejò jẹun díẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn yóò kàn sí wọn. Lọ́jọ́ Túsìdé, Délé pe Fọláyẹmí. Ó ní òun mọ òótọ́ o, ṣùgbọ́n ìyá òun kò gbà. Ìyá náà ní ọmọ tó lè fi bàbá tó bí i wọ́lẹ̀ báyìí, kí ni kò ní sọ nípa àwọn níta? Délé ní bí Dádì Fọláyẹmí bá lè bá Mọ́mì òun sọ ọ́, gbólóhùn kan péré, ọ̀rọ̀ á parí. Mọ́mì ló jókòó ti òun yìí.

Fọláyẹmí gbé fóònù náà síwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Bàbá, ìyá Délé ló wà níbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún wọn. Mi ò tijú ẹ̀ rí."

Fúnṣọ́ fa fóònù náà mọ́ra. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣiyèméjì nípa ìyẹn. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó nà ró lórí àga.

"Ẹ káàsán, mà. Fúnṣọ́ Àkànjí ni orúkọ mi. Mo jẹ́ oníṣòwò, mo jẹ́ olùdámọ̀ràn, mo sì jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì fún ọdún mẹ́sàn-án…"

Fọláyẹmí na ọwọ́, ó pa fóònù náà. Bàbá rẹ̀ kò tètè mọ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ dé ibi òwò ẹ̀rọ kí ó tó gbójú sókè, tí ó rí i pé òun nìkan ló kù ní pálọ̀.