Táyà Ọ̀tún

Tó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ni, Cosme ìbá ti ṣẹ́ ti Tránsito látinú oṣù Kejì. Níbi ijó ìgbéyàwó kan nílùú Española ni àwọn méjèèjì ti na ara wọn nítorí obìnrin. Tránsito gbá Cosme lẹ́nu, eyín kan fò dànù. Cosme náà nàka sí i lójú gbogbo èrò, ó ní, "Màá ṣẹ́ ẹsẹ̀ tó o fi ń jó yẹn fún ẹ!" Ọ̀rọ̀ ọtí lásán ni, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn létí títì lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Chimayó, Cosme fi ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé omi lọ fún wọn. Bó ṣe gun ibi tí títì ti wú lórí kòtò omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko, ọkọ̀ yà bàrá sọ́tùn-ún, ó sì tẹ Tránsito, tó wà lára àwọn tó ń rìn, mọ́ ògiri. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, dókítà ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbákò ni. Onofre, ẹ̀gbọ́n Tránsito, kò ka ìwé ọlọ́pàá kún nǹkan kan.

Belarmino, ẹ̀gbọ́n Cosme tó ni ọkọ̀ yìí, wẹ́dà tó ń jó irin ni. Ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kó tó kú ni, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì fi tún un kọ́ láti orí irin ìdí rẹ̀. Ó fi pọ́ńpù àti bátìrì sínú rẹ̀, tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ á rọra wálẹ̀ títí ikùn rẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Ní àfonífojì yẹn, ọkùnrin tí ikùn ọkọ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ nígbà tí fádà ń wọ́n omi mímọ́ sáwọn ọkọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, bí ẹni tí kò lọ́kọ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, Belarmino ń jẹ tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, àti ata tútù lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí irin ró lórí egungun. Ó bojú wẹ̀yìn. Cosme ti wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, Onofre sì dúró lé e lórí pẹ̀lú irin gígùn. Belarmino ki sípánà mọ́lẹ̀, ó sáré sí i. Irin yẹn bá a ní ìhà, ó gbọ́ tí nǹkan kán nínú ara rẹ̀. Kó tó gbéra nílẹ̀, ìbọn ti wà lọ́wọ́ Onofre.

"Jókòó jẹ́ẹ́, wẹ́dà. Ìwọ kọ́ ni mo wá bá." Ó yíjú sí Cosme. "Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ sábẹ́ ọkọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n Onofre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é! Mo fi sàréè màmá mi búra, ọkọ̀ yẹn ló yà fúnra rẹ̀!"

"Ó yà fúnra rẹ̀! Ṣé ọmọ ẹṣin ni?" Onofre yìnbọn sílẹ̀, kọ́ńkéré fọ́ sí Cosme létí. "Mo ní ti ẹsẹ̀ ẹ sábẹ́ ẹ̀! Ọkọ̀ tó ń fẹnu ko ilẹ̀, ó yẹ kó lè fẹnu ko ẹsẹ̀."

Cosme ń sunkún bí ọmọdé, ó ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin ọkọ̀, lẹ́yìn táyà iwájú. Onofre mú bọ́tìnì tó so mọ́ wáyà gígùn, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó tún tẹ̀ ẹ́. Irin kan ojúgun Cosme, Cosme sì fi igbe ta.

Ojú Belarmino kò sí lára irin yẹn. Táyà ọ̀tún ló ń wò. Bí ọkọ̀ ṣe ń wálẹ̀, táyà náà ń yí imú síta, ó ń ha kọ́ńkéré. Kì í ṣe òní ló ti mọ̀.

Lọ́jọ́rú ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere ló ti mọ̀. Ó wa ọkọ̀ gun pákó kan lẹ́yìnkùlé, sítíárìn sì ṣàdédé yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo abẹ́ ọkọ̀: apá tó gbé táyà dúró wà ní ìbú, ọ̀pá sítíárìn sì dà gẹ̀rẹ́, nítorí ó ti sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láìgbé àpótí sítíárìn sókè. Ohun méjì di táyà kan mú, wọn kò sì jọ rìn lójú kan náà. Bí táyà bá ti gun òkè, tàbí tí ọkọ̀ bá wálẹ̀, ọ̀pá á tì í yà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó kù kó ya àwòrán bàbá wọn sẹ́yìn ọkọ̀ kó tó di Àjíǹde. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló fi kun ọ̀dà. Nígbà tí Cosme wá gba kọ́kọ́rọ́, "Rọra wà á o" nìkan ló sọ.

Tó bá dákẹ́ báyìí, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ẹ̀rù bà á. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó kọ́kọ́ dákẹ́. Cosme ké lẹ́ẹ̀mejì kí Belarmino tó la ẹnu.

"Onofre! Wo táyà ọ̀tún!"

"Kí ló ṣe é?"

"Wo sítíárìn náà. Mo ti fi ṣéènì àti àgádágodo dè é láti ọjọ́ Ẹtì. Kò lè yí. Gbé ọkọ̀ sókè, kó o tún sọ ọ́ kalẹ̀."

Onofre di ìbọn mú, ó tẹ bọ́tìnì. Ọkọ̀ gbéra, táyà nà tọ́ọ́rọ́. Cosme fẹ́ fa ẹsẹ̀ yọ.

"Fi síbẹ̀!"

Ó sọ ọ́ kalẹ̀, táyà yí imú síta, ṣéènì kò mì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é.

"Bó ṣe yà sí àbúrò mi nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Táyà ọ̀tún gun ibi tó wú, ó sì yí síbi tí Tránsito wà. Cosme ò mọ nǹkan kan."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló sáré gbé ẹ dé ìdí ṣéènì?"

Belarmino wo ilẹ̀. "Mo ti mọ̀ látọjọ́rú."

Cosme ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Onofre gbé ọkọ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ ti Cosme sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọwọ́ wo lo fi ń jó irin?"

"Ọ̀tún."

Kò sẹ́ni tó tì í. Belarmino fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ irin. Onofre tẹ bọ́tìnì, kò sì gbé ìka kúrò lórí rẹ̀ títí ikùn ọkọ̀ fi kan ilẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ igbe náà rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pa.

Belarmino sọ fún àwọn dókítà pé jáàkì ló yẹ̀. Wọ́n gé ọwọ́ náà kúrò ní ọrùn ọwọ́.

Nínú oṣù Keje, Cosme ló jó irin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì júwe. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni Cosme ń bá a sọ. Wọ́n gbé àpótí sítíárìn sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, wọ́n gé ọ̀pá kó lè bá apá táyà dọ́gba. Wọ́n ránṣẹ́ sí Tránsito, ó sì fi ọ̀pá ìrìn méjì rìn wọlé. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bọ́tìnì. Cosme fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọ̀tún. Tránsito gbé ọkọ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Táyà kò kúrò lójú ìlà.

"Ó dáa," ni Tránsito wí. "Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni?"

Cosme wojú òde. Àwòrán bàbá wọn ń dán lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ọjọ́ méjì," ni Belarmino dáhùn.

Tránsito mi orí. Ó na bọ́tìnì padà sí Belarmino, síbi apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti ká ẹnu ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì nà án síbẹ̀ láìmira títí Belarmino fi na ọwọ́ òsì kọjá láti gbà á.