Ta Ló Kàn Nínú Àáró Wa?

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná lábẹ́ igi kajú. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni olórí àáró wa. Àwa márùn-ún là ń bá ara wa kọ ebè, oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la. Mo ta kókó márùn-ún sórí okùn kan, kókó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oko tí a bá ṣe tán, mo máa ń tú kókó olóko náà.

Lójú àlá, ọkọ́ mi dìde nílẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Ó ní, "Olórí, wọ́n ń pè yín ní ọ́fíìsì."

Mo wòkè. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè oko bí èéfín. Mo di ọkọ́ mú, a sì gun afẹ́fẹ́ lọ. Kò ṣòro.

Akọ̀wé kan tó wọ kóòtù ló pàdé wa. Ó ní, "Ta ní ń ṣètò iṣẹ́ nísàlẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ní ń kọ́ ẹni tí kò mọ ebè kọ? Ta ní ń parí ìjà? Ta ní ń tu ẹni tó rẹ̀ nínú?"

"Èmi náà ni."

"Irọ́ lo pa. Ẹnì kan kì í jẹ́ ẹni mẹ́rin. Kó wọn wá."

Kí n tó fèsì, èmi mẹ́rin ti jáde láti abíyá mi. Dípò kí wọ́n ṣiṣẹ́, àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ẹ̀yin aláìnítìjú, ta ló wà lóko?" Èyí tó ń parí ìjà ní kí n lọ kọ̀wé wá.

Ibẹ̀ ni agbọ̀n èbù iṣu kan ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Àwọn èbù náà ní, "Àwa ni èbù Awẹ̀ró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fo oko wa. Bí òjò bá dá, a jẹrà nìyẹn."

Awẹ̀ró ni opó tó wà láàárín wa. Àwọn yòókù a máa fi iyán àti ẹmu bọ́ wa lọ́jọ́ tiwọn, gàrí ni tirẹ̀.

Mo ní, "Ta ni ọ̀dájú tó fò yín? Ẹ fi í hàn mí, kí n gbá a létí."

Akọ̀wé gba okùn mi, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn mi.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń ṣàyẹ̀wò ni." Ó dúró lórí kókó kan. "Eléyìí le, wọn kò tú u rí. Tìrẹ ni wọ́n ti tú, tí wọ́n tún ti ta padà."

Mo lajú. Ewúrẹ́ ilé wa ló wà lẹ́sẹ̀ mi, okùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku kókó kan tó le. Awẹ̀ró dúró tòun ti ọkọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oorun. Mo ní kí n bi yín léèrè ẹni tó kàn lọ́la."

Oko mi ni mo ti fi sí ọ̀la, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ a kò tíì dé oko Awẹ̀ró rí. Mo wò yíká, mò ń wá ẹni tí mo máa gbá létí. Èmi nìkan ni mo rí. Ojú tì mí.

Mo gba kókó náà lẹ́nu ewúrẹ́, itọ́ ti rin ín gbingbin.

Mo ní, "Ìwọ ló kàn. Ṣáà bá wa wá omi tútù tí a ó fi mu gàrí."