Bàbá Ò Wẹ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, imú ni Alágbàfọ̀ fi ń mọ̀ pé òun ti délé. Kò ní tíì ṣí ilẹ̀kùn tán tí òórùn náà yóò ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: òógùn tó ti pẹ́ lára, ìtọ̀ tó gbẹ mọ́ ṣòkòtò, ẹnu tí a kò fọ̀. Yóò sé èémí bí ẹni tó fẹ́ mòòkùn, yóò sì wọlé.

Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bàbá náà tẹ́lẹ̀ kò ní gbà á gbọ́. Onígbàjámọ̀ ni nígbà tó lágbára, ẹni tí kì í fi abẹ kan orí ẹni tí kò bá fọ irun wá. "Orí ni mo ń fá, mi ò kì í ṣe alákìtàn," lohun tó máa ń sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì padà lọ fọ orí. Ọkùnrin yẹn náà ló wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá ẹ̀yìn báyìí, tí èérún oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ìrùngbọ̀n rẹ̀, tí èékánná rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ohun tó ká Alágbàfọ̀ lára jù ni pé ìdọ̀tí niṣẹ́ òun náà. Ilé ìfọṣọ kan lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn táwọn àlejò bì sí, tí wọ́n ṣe ohun tí a kì í sọ síta sí, òun ló ń tú u palẹ̀, tó ń rẹ ẹ́, tó ń fi ọṣẹ gbo ojú àbàwọ́n kó tó kó o sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ti rò pé kò sóhun tó tún lè rí òun lára láyé. Àṣé ìdọ̀tí àjèjì yàtọ̀ sí ìdọ̀tí ẹbí. Ti àjèjì, béèyàn bá ti fọ̀ ọ́ tán, ó parí. Ti ẹbí ń báni jẹun.

Pẹ́ńtà ni ọkọ rẹ̀. Orí àkàbà ló ti já bọ́ níbi tó ti ń kun ilé alájà mẹ́ta, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, ọ̀dà ṣì wà létí ọkùnrin náà, kò sẹ́ni tó nù ún. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń da èèpo sílẹ̀, ó sì ń béèrè pé, "Ṣé ẹni yín nìyí?"

Látọjọ́ náà, Alágbàfọ̀ ò tíì rí ẹkún sun. Ìríra ti gba àyè ẹkún nínú rẹ̀. Àwọn tó wá kí i ń fi kọ́tìnì rẹ̀ nu ọwọ́. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe," wọ́n á sì máa yọjú wo inú ìkòkò. Gbogbo wọn ló rí i lára, àmọ́ wọ́n ti lọ sílé wọn. Bàbá ò rí ibì kankan lọ.

Láràárọ̀ ni yóò gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí balùwẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn. Bàbá á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, omi á máa dà ṣàà. Ṣùgbọ́n bó bá jáde tán, tí obìnrin náà wọbẹ̀, ilẹ̀ nìkan ló tutù. Kànrìnkàn á gbẹ táútáú.

"Bàbá, ṣé ẹ wẹ̀?"

"Mo wẹ̀, Ìyàwó. O ṣeun."

Irọ́ gbuu, látẹnu àgbàlagbà!

Ó ya ife Bàbá sọ́tọ̀. Ó ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ ti oúnjẹ sẹ́yìn, ó ní, "Màámi, mi ò lè jẹun nítòsí Bàbá àgbà mọ́. Inú ń rìn mí." Ó yẹ kó bá ọmọ wí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé àwo méjèèjì, òun àti ọmọ sì lọ jókòó síta lórí àtẹ̀gùn. Bàbá gbọ́. Ilé náà ò tóbi.

Ọjọ́ Sunday kan ni Àǹtí Lọ́fínńdà dé. Ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà lóbìnrin ni, àkọ́bí Bàbá. Ọmọ ilé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí òórùn rẹ̀ máa ń wọ àdúgbò kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé náà láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú bàbá wa nìyí? Àbúrò mi ò tíì pẹ́ nílẹ̀, ìwọ Ìyàwó ti sọ bàbá wa di ààtàn!"

"Àǹtí, mò ń gbé omi fún wọn o, àwọn ni ò—"

"Má bá mi jiyàn. Ká ní bàbá tó bí ẹ ni, ṣé wàá fi í sílẹ̀ kó máa rùn báyìí?"

Ó ṣí báàgì, ó yọ ìgò lọ́fínńdà jáde. Alágbàfọ̀ rò pé ara rẹ̀ ló fẹ́ fín in sí. Kàkà bẹ́ẹ̀, Àǹtí na ọwọ́ gbọọrọ, kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín bàbá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń fín aáyán. Bàbá di ojú, ó pa ẹnu dé. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òórùn òdòdó bọ́ sórí òórùn ìtọ̀, àwọn méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n di ẹ̀kẹta tí kò lórúkọ.

Alágbàfọ̀ wo èékánná pupa tó di ìgò mú. Gbogbo aṣọ ibùsùn tó ti fọ̀ látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sí èyí tó kó o nírìíra tó ọwọ́ yẹn.

"Àǹtí," ló wí, "omi gbígbóná wà lórí iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀ wọ́n. Ọmọ wọn ni yín."

"Èmi? Pẹ̀lú aṣọ ọrùn mi yìí? Ìpàdé ni mò ń lọ o!"

Ó sì lọ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Wọ́n ń gbọ̀n rìrì bí ewé.

"Ìyàwó, wo ọwọ́ mi. Kò lè di kànrìnkàn mú mọ́. Bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀, mi ò lè nàró. Ọkọ rẹ ló ń wẹ̀ mí."

Obìnrin náà rántí. Ní ìdájí, bàbá àti ọmọ a jọ wọ balùwẹ̀, òun a máa gbọ́ ẹ̀rín wọn, òun a sì máa kùn pé wọn ò ní í ṣẹ́ omi kù. Ọkọ rẹ̀ a ní, "Mo kàn ń bá wọn po omi gbígbóná mọ́ tútù ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?"

"Èmi ni mo bẹ ọkọ rẹ pé kó má sọ. Kí n wá ní kí ìyàwó ọmọ mi wá tú mi sí ìhòòhò? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹ̀sín wo ló tún kù? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín yín bí aáyán ni!"

Bàbá wò ó. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ti dé ojú rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Alágbàfọ̀ wí.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó fi ń ṣiṣẹ́. Bàbá rí i, ó gbé ojú kúrò. Nígbà tí ṣòkòtò náà máa kúrò, ó ti lẹ̀ mọ́ awọ itan, omi ló fi rẹ ẹ́ kó tó lè ṣí i. Ara ti bó lábẹ́ abíyá. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn lọ dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e náà dúdú. Ibi tó ti ń fọ ìdí, ó sáré jáde, ó sì bì sí ojú gọ́tà. Ó fi omi yọ ẹnu. Ó padà wọlé.

Bàbá kọjú sí ògiri. "Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ mi. Ẹ gbé apá sókè."

Nígbà tí ìdọ̀tí kúrò lẹ́yìn Bàbá, ẹ̀yìn Pẹ́ńtà ló kù síbẹ̀: èjìká tó rọ̀ sápá kan yẹn gan-an, ipa ọ̀pá ẹ̀yìn tó jìn wọnú yẹn gan-an. Kànrìnkàn dúró. Igbe tó ti há sínú obìnrin náà láti yàrá òkú bú jáde.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! O gun àkàbà lọ, o fi èyí sílẹ̀ fún mi, o ò sọ fún mi! O ò tiẹ̀ sọ!"

Bàbá di ẹ̀rọ omi mú, òun náà ń sunkún, ọṣẹ ń ṣàn lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kan ilẹ̀kùn pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Alágbàfọ̀ ti ń wẹ Bàbá kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìríra náà ò lọ. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ máa ń pa òórùn, kò tíì wẹ àgbàlagbà rí. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tó máa ń gbé ojú sápá kan, tí yóò máa fi ẹnu mí. Bàbá náà mọ̀, kì í bá a wí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó àwo padà wọlé. Ọmọ ló ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

Àǹtí Lọ́fínńdà tún dé, ó rí aṣọ mímọ́ lọ́rùn Bàbá, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí ló wọ̀ ọ́ létí!"

Bàbá na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta. Èékánná rẹ̀ nípọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ti ká wọnú ẹran.

"Ọmọ mi, jókòó. Bá mi gé èyí."

Àǹtí wo ẹsẹ̀ náà. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà, Bàbá. Mò ń bọ̀."

Wọ́n gbọ́ tí mọ́tò náà dún, wọ́n gbọ́ tó yí kọ́nà, wọn ò sì gbọ́ ọ mọ́. Alágbàfọ̀ pòṣé. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó fa àga mọ́ra, ó gbé ẹsẹ̀ Bàbá lé itan. Ìgbà tó tẹ sísọ́ọ̀sì, èékánná àtàǹpàkò ta pàá, ó sì bọ́ sínú tíì tó ń mu, tó gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó kígbe. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Alágbàfọ̀ da tíì náà nù, ó fọ ife ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà wá gé èyí tó kù.